Mo fẹ́ sọ 504 bàbá mi di hot rod: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Àrẹ̀mọ Tíṣà kọ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Bàbá mi tó ti dolóògbé fi Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún wa, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná lọ́dún 1982. Tíṣà ni wọ́n. Owó tí ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ láti fi ra mọ́tò nígbà náà ni wọ́n fi rà á, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì fi san án. Òun ni wọ́n fi ń gbé gbogbo wa lọ síléèwé, òun náà la fi gbé ìyàwó mi wálé. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa n'Íbàdàn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gan.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé: hot rod, ìyẹn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó lè lágbára kó sì sáré gan-an. Mo fẹ́ gbé V8 (ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́jọ) Lexus LS400 sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní 1UZ, mo ti rí ọ̀kan ní Ládìpọ̀ tòun ti gíà rẹ̀. Mo fẹ́ gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀ bí íǹṣì mẹ́ta, kí n wá fi táyà tó fẹ̀ dáadáa sẹ́yìn. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó òun.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá, torí àbúrò mi obìnrin ti sọ pé bí mo bá fi ayùn kan òrùlé mọ́tò bàbá àwọn, kí n má pe fóònù òun mọ́.


Sípánà 17 kọ pé:

Ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ bi í pé 504 mélòó ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tú Píjò, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ iwájú tí gbogbo èèyàn ń wò kọ́ ni wàhálà wà, ẹ̀yìn ni. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Lábẹ́ mọ́tò míì tó ń fi táyà ẹ̀yìn rìn, ẹ máa rí ṣáàfù, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sẹ́yìn, níta gbangba, ẹ máa rí i tó ń yí. Lábẹ́ 504, ẹ ò ní rí ṣáàfù kankan. Páìpù irin kan ni ẹ máa rí tó nà láti ìdí gíà lọ bá dífù, àpótí irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n so ó mọ́ ibẹ̀ méjèèjì. Inú páìpù yẹn ni ṣáàfù ń yí sí. Páìpù yẹn ló so gíà àti dífù pọ̀.

Kí ni iṣẹ́ páìpù yẹn? Nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù tí táyà sì di ilẹ̀ mú, dífù máa fẹ́ gbé imú rẹ̀ sókè. Páìpù yẹn ló ń sọ pé rárá. Bí ẹ bá wá yọ gíà Píjò tí ẹ gbé gíà Lexus sí i, páìpù ò ní ibi tó máa dì mú níwájú mọ́. Àwọn kan á gé e dànù, wọ́n á fi ṣáàfù lásán rọ́pò rẹ̀, mọ́tò á sì rìn kúrò ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gbowó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ máa máa gbọ́ gbì, gbì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Dífù ló ń jó bàtá yẹn.

Ẹ tún wò ó bóyá tiyín jẹ́ èyí tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń dá lọ sókè-sódò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí èyí tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo láti táyà dé táyà. Oríṣi méjèèjì ló wà nínú 504. Iṣẹ́ wọn ò jọra rárá, owó wọn náà ò jọra. Ẹ kọ èsì wá kí a tó sọ̀rọ̀ V8.


Ìyá Ìbejì kọ pé:

Àbúrò mi, bàbá rẹ fi ọdún mẹ́fà san owó mọ́tò, o wá fẹ́ fi ọ̀sán ọjọ́ kan gé e.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa dífù. Epo ni mo fẹ́ bi ọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èmi tí mò ń wa Corolla gan-an ń ṣírò kí n tó lọ sí Bódìjà. Ẹ́ńjìnì lítà mẹ́rin, sílíńdà mẹ́jọ, ṣé kí o máa wà á ni àbí kí o gbé e síta kí àwọn èèyàn máa wò ó? Kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi nìkan ló máa jáde, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé òun lo fẹ́ máa gbé lọ síbi iṣẹ́, òṣì ò jìnnà.


Ẹ̀gbá Houston kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ hot rod ti wá, nítorí ìdáhùn kan wà níbẹ̀.

Ní Gúúsù Kalifóníà ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á tú ìbòrí táyà, bọ́ńpà àti gbogbo ohun tó wúwo kúrò lára Ford àtijọ́, wọ́n á gbé e lọ sórí adágún gbígbẹ bíi Muroc àti El Mirage, wọ́n á máa wo ẹni tó yára jù. Lọ́dún 1932, Ford gbé V8 jáde fún gbogbogbòò, 221 cubic inches, agbára ẹṣin 65. Kí ìyẹn tó dé, ọlọ́rọ̀ ló ń wa V8. Nígbà tí mọ́tò yẹn wá di àlòkù olówó pọ́ọ́kú, àwọn ọmọ tálákà rí agbára rà. Lọ́dún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA sílẹ̀ láti fi òfin sí eré sísá náà. Lẹ́yìn ogun, àwọn sójà tó padà délé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ àti owó díẹ̀ sọ ọ́ di nǹkan ńlá.

Ọkọ̀ ìdílé, irú èyí tó ní ìjókòó fún bàbá, ìyá àti ọmọ, kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Èyí tí kò lórùlé ni wọ́n fẹ́, torí ó fúyẹ́. Nígbà tí èyí tí kò lórùlé wọ́n tán ni ojú wá sí ara ọkọ̀ ìdílé. Chevrolet 1955 sí 1957 tí wọ́n ń bẹ kiri níbí títí dòní, ọkọ̀ tí àwọn ìyá fi ń lọ ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Torí náà àbúrò, ohun tí o fẹ́ ṣe kì í ṣe ọ̀ràn, àṣà rẹ̀ ti pẹ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ òrùlé. Ford 1932 ní ṣáṣí irin lábẹ́. Ilé tí wọ́n gbé lé orí ṣáṣí ni ara rẹ̀, o lè gé òrùlé wálẹ̀, ṣáṣí ò ní mọ̀. 504 ò ní ṣáṣí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, òpó òrùlé àti òrùlé fúnra rẹ̀ ni ṣáṣí. Bí o bá gé òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, egungun ọkọ̀ lo gé. Gíláàsì tún ńkọ́? Gíláàsì ilẹ̀kùn tí wọ́n fi iná sọ di líle kò ṣeé gé. Bí o bá fi irin kàn án báyìí, yóò fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀. Níbo lo ti fẹ́ rí ẹni tó máa ṣe tuntun fún ọ?

Orúkọ kan wà níbí fún irú èyí tó dáa jù lójú tèmi: sleeper. Lóde, mọ́tò tíṣà. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nǹkan míì. Púpọ̀ àwọn ará ibí á tiẹ̀ fi small block Chevy, ìyẹn ẹ́ńjìnì V8 Chevrolet, sí i lójú ẹsẹ̀, ó rọrùn.


Sípánà 17 kọ pé:

Ẹ̀gbá, ó rọrùn ní Houston. Ẹ bá wa wá small block ní Ládìpọ̀, kí ẹ tún bá wa wá gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tó bá jó.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa òrùlé, mo fọwọ́ sí i. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé rí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò ṣeé tì mọ́ tí wọ́n bá fi jáàkì gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.


Iná Jó Mi Rí kọ pé:

Mo fẹ́ sọ ti èmi kí ẹ lè gbọ́n.

Lọ́dún 2016, mo ra ẹ́ńjìnì Mercedes V-boot, 230E, mo gbé e sínú ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń lo kábúrétọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò ní sọ ẹni tó bá mi ṣe é, èmi náà ni mo ní kó yára. Ẹ́ńjìnì yẹn ń fi agbára tu epo, ó lé ní 70 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń ti epo). Kábúrétọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bíi 3 sí 5 psi ló ń gbà. A pààrọ̀ pọ́ọ̀mpù. A ò pààrọ̀ rọ́bà epo tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti táǹkì. Rọ́bà yẹn ti tó ogún ọdún, kílíìpù tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀nùfíìsì fún ni wọ́n fi dè é.

Ọjọ́ kẹrin ni. Mo wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, mo ti kọjá Ṣágámù, mo gbóòórùn epo. Mo rò pé táńkà tó wà níwájú mi ni. Ọkùnrin kan tó ń wa búùsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fèrè, ó ń fọwọ́ hàn mí. Nígbà tí mo fi máa rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń wú bí àkàrà nínú òróró. Mo mú àpò mi, mo fi bàtà kan sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí. Nọ́ńbà iwájú nìkan ló kù tó ṣeé kà.

Nítorí náà: rọ́bà epo tuntun láti táǹkì dé iwájú, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti injection (ẹ́ńjìnì tó ń fi agbára tu epo) ni. Kílíìpù tó yí rọ́bà ká láìgé e. Páìpù tó ń dá epo padà sí táǹkì, torí ẹ́ńjìnì injection kì í mu gbogbo epo tí pọ́ọ̀mpù bá gbé wá. Kí wọ́n tún fọ táǹkì yẹn, ọdún mọ́kànlá lábẹ́ igi, ìpata inú rẹ̀ á di pọ́ọ̀mpù pa. Kí ẹ sì de ẹ̀rọ paná mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀, kì í ṣe inú bọ́ọ̀tù. Tèmi wà nínú bọ́ọ̀tù.


Ìyá Ìbejì kọ pé:

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ kú orí ire.


Rẹwáyà Mókọ́lá kọ pé:

Ọ̀gá Àrẹ̀mọ, bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì máa ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ èyíkéyìí tó ń lo brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, ẹ má ra ẹ́ńjìnì lásán. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ fẹ́ brain box tirẹ̀, wáyà tirẹ̀ láìgé, gbogbo sẹ́ńsọ̀, àti bó bá ní kọ́kọ́rọ́ tó ń bá brain box sọ̀rọ̀, kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n máa ń fi máṣéètì gé wáyà nítòsí fáyàwọ́ọ̀lù kí wọ́n lè tètè yọ ẹ́ńjìnì. Ẹ ní kí wọ́n tanná fún un lójú yín kí ẹ tó sanwó. Mo ti fi oṣù mẹ́ta wá wáyà kan rí lórí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ra ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó yẹn kò tó owó iṣẹ́ mi.

Wáyà 504 fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe iná, fèrè àti wápà. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti ẹ́ńjìnì. Kí wáyà ẹ́ńjìnì ní fíùsì tirẹ̀ àti rílè tirẹ̀. Wáyà ilẹ̀ kan tó nípọn láti bátìrì sí ara ẹ́ńjìnì, òmíràn láti ẹ́ńjìnì sí ara mọ́tò. Ìdajì àwọn tó ń sọ pé brain box àwọn bàjẹ́, wáyà ilẹ̀ ni.

Fáànù ńkọ́? 504 ní fáànù kan tó mọ́gbọ́n dání. Bí omi bá gbóná, iná mànàmáná á fà á mọ́ra, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí omi bá tutù, á jáwọ́. Àwọn tiwa ti fi bóòtù dè é pa nínú èyí tó pọ̀ jù, kó máa yí ṣáá. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì tó lágbára sí i, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé rẹdíétọ̀ àtijọ́ yẹn. Ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road ni ẹ máa ti mọ̀, kì í ṣe lójú ọ̀nà tó já gaara.


Àrẹ̀mọ Tíṣà kọ pé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Brọ́dá tí iná jó mọ́tò wọn, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Mo ti fi òrùlé sílẹ̀. Mo ti pe àbúrò mi, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òun ṣì ń ṣọ́ mi. Ìyá Ìbejì, ọjọ́ ìsinmi àti òde ni mo fẹ́ máa fi lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kí n gbé màmá wa lọ sí Ọ̀yọ́. Màmá ò lè gun mọ́tò tó bá sún mọ́ ilẹ̀ jù, orúnkún ń dùn wọ́n.

Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Sípánà, ọ̀pá kan ṣoṣo ni láti táyà dé táyà. Páìpù yẹn wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, ó gbẹ, kò jo ọ́ìlì. Kí ni kí n wá ṣe bí kì í bá ṣe V8? Mi ò fẹ́ kó máa rìn bíi ti àtijọ́ ṣá. Bàbá máa ń pa éèsì (ẹ̀rọ amúlétutù) nígbà tí a bá ń gun òkè Asẹ́jìrẹ́ kó tó lè fa ẹrù.


Sípánà 17 kọ pé:

Ìdí tí bàbá yín fi ń pa éèsì ni pé ẹ́ńjìnì 1971 cc ni, agbára rẹ̀ kò tó ẹṣin 100, mọ́tò náà wúwo tó nǹkan bí 1,200 kg kí èèyàn mẹ́fà tó wọ̀ ọ́. Ó gbìyànjú. Ẹ má bú u.

Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan nínú ẹbí rẹ̀. 505 jẹ́ àbúrò 504, òun náà ń fi táyà ẹ̀yìn rìn, òun náà ní páìpù. GTI tó wà nínú wọn ní ẹ́ńjìnì 2165 cc, tí kò lo kábúrétọ̀, nǹkan bí ẹṣin 130. Gíà ẹsẹ̀ márùn-ún ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kì í ṣe pé ẹ máa gbé e sílẹ̀ kó sì jókòó fúnra rẹ̀. Ìjókòó ẹ́ńjìnì yàtọ̀, ẹ máa ní láti wọn gígùn páìpù kí ẹ tó gé tàbí kí ẹ pààrọ̀, ọ̀pá gíà máa yí ipò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn á wà bó ṣe wà, dífù á ní ẹni tó di imú rẹ̀ mú, ẹni tó bá mọ Píjò á sì lè tún un ṣe n'Íbàdàn, n'Íṣéyìn, níbikíbi. Ọkọ̀ 505 tó ti jìjàm̀bá tó sì wà nílẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ ra odindi. Ẹ máa rí ẹ́ńjìnì, gíà, páìpù, wáyà, rẹdíétọ̀ àti ọ̀pá gíà lára òkú kan, ẹ tún lè ta ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ò tíì kúrò lórí sílíńdà púpọ̀, Peugeot fúnra wọn ti gbé V6 sínú 504 rí. Coupé onílẹ̀kùn méjì àti èyí tí kò lórùlé, láti 1974, 2664 cc. Ẹ rí i pé kì í ṣe èèwọ̀. Àmọ́ àwọn yẹn kúrú ju tiyín lọ láàárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ ò lè tú tiwọn kí ẹ fi de tiyín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà V6 yẹn ò sí lọ́jà wa, owó á sì tán lórí fífi ọkọ̀ òfuurufú gbé páàtì wálé. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ní ti 1UZ: aluminium ni, kò wúwo bí ẹ ṣe rò, ìyẹn ló fi ń wu èèyàn. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ fẹ̀. Ẹ́ńjìnì tiyín, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè rẹlẹ̀, ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún un nìyẹn. V8 máa na apá sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀gbẹ́ kan á kan ọ̀pá sítíárì, ìsàlẹ̀ á kan irin tó gbé iwájú dúró. Agbára fífà rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti 504 lọ. Gíà yín ò lè gbé e, dífù yín ò lè gbé e. Ẹ ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ohun tó máa kù tí ẹ máa pè ní mọ́tò bàbá yín ni ilẹ̀kùn mẹ́rin àti kìnnìún iwájú.

Ohun tí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ni kí n kọ́kọ́ rà. Bíréèkì ni. Kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnì rárá. Bí eré mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kí ó tó dúró di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Ẹ tú kálípà iwájú, pisítìnì inú rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Rọ́bà bíréèkì gbogbo, tuntun. Másítà tuntun. Ẹ da omi bíréèkì àtijọ́ nù, ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bíréèkì á wá rọ̀ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Lẹ́yìn náà táyà. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má wo eyín rẹ̀ nìkan. Mo ti rí táyà tí eyín rẹ̀ pé tó sì ti ju ọmọ ilé mi lọ lọ́jọ́ orí.


Kòtò Ò Kàn Mí kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i ní ṣókí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀! Ohun tó sọ 504 di 504 ni pé ó ga, sípíríìnì rẹ̀ rọ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ bí ràkúnmí. Ó gba Safari Rally, eré ìje mọ́tò, ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975, Ove Andersson ló wà á. Lọ́dún 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi V6 Coupé gbà á. Amọ̀, òkúta, omi. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, irú èyí ni màá ṣe: ààbò irin sábẹ́ ẹ́ńjìnì, ṣọ́ọ̀kì tó le díẹ̀, iná gíga méjì níwájú. Hot rod tó máa há sí bọ́ńpù ní iwájú ilé ìjọsìn, ti kí ni?


Ẹ̀gbá Houston kọ pé:

Kòtò, mo gba tiyín ju tèmi lọ. Àbúrò, sípíríìnì tó ga àti orúnkún màmá ti bá ara wọn mu.

Ẹ̀gbọ́n Sípánà, mo kó small block mi padà.


Ìyá Ìbejì kọ pé:

Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé mọ́tò kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí o bá gbé ẹ́ńjìnì míì sí i, nọ́ńbà yẹn ti di irọ́. Ọlọ́pàá tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà ò bá bá a mu lè sọ pé o jalè, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ́ńjìnì tàbí òkú 505 yẹn fún ọ, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú rìsíìtì. Bó bá jẹ́ òkú mọ́tò, gba ìwé rẹ̀ náà. Ya fọ́tò nọ́ńbà kí wọ́n tó gbé e wọlé, torí tó bá ti wọlé tán, ọwọ́ ò ní tó o mọ́. Kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nínú ìwé.

Èkejì: mọ́tò yẹn ṣì wà lórúkọ bàbá rẹ, àbí irọ́ ni mo pa? Ìwé ikú àti àwọn ìwé míì tí wọ́n bá béèrè lo fi máa yí orúkọ padà. Ṣe èyí ṣáájú, kó má di pé o ná mílíọ̀nù lórí mọ́tò tí àwọn ẹbí ṣì lè bá ọ pín.


Àrẹ̀mọ Tíṣà kọ pé:

Irọ́ kọ́ o, mà. Orúkọ wọn ló ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mi àti èmi máa lọ lọ́jọ́ Ẹtì, òun ló tiẹ̀ mọ ibi tí ìwé wà.

Mo ní kí n fún yín ní àbọ̀. Mo gbà pé 505 ni màá wá, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ bíréèkì. Ẹ́ńjìnì wà níbẹ̀, mi ò tíì tú u. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo ń fi bùrọ́ọ̀ṣì irin fọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ibi tí mo rò pé ó mọ́ jù lára rẹ̀. Ọ̀dà kan ṣí sókè bí èèpo iṣu. Mo fi ìka tì í, ìka wọlé. Fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò kí wọ́n tó kun ọ̀dà, ni gbogbo ibẹ̀. Mo fi ṣísù gbẹ́ ẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé ìròyìn jáde. Wọ́n rún un sínú ihò, wọ́n wá da fílà lé e. Ó ṣì ṣeé kà: ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ, àti àbájáde ìdánwò tí wọ́n ti gé sí méjì. Bàbá mi kò jẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un yẹn. Wọ́n máa ń fi aṣọ funfun nu ibẹ̀ ní àràárọ̀.

Ihò náà gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi. Ṣé ọkọ̀ yìí ti kú ni?


Sípánà 17 kọ pé:

Kò kú. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbá ń sọ pé ó jẹ́ ṣáṣí. Ẹ dá gbogbo nǹkan míì dúró. Ẹ má ra 505 báyìí, ẹ má tú ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnì ẹṣin 130 sínú ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé ìròyìn, ọkọ̀ máa ká ní àárín bí ìwé.

Ẹ fi òòlù kékeré kan ilẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ máa gbọ́ ibi tí ó dún bí páànù àti ibi tí ó dún bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ fi ẹfun kọ àmì sí i. Ẹ kan orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti dì mọ́ ara mọ́tò pẹ̀lú, nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, lọ́tùn-ún lósì. Bí ibẹ̀ bá le, a ní ọkọ̀.

Wẹ́dà tó ń fi iná gáàsì ńlá jó gbogbo nǹkan ò lè ṣe é, ooru rẹ̀ máa yí páànù po. Èyí tó ń lo wáyà tín-ínrín àti gáàsì CO2 ni kí ẹ wá. Kí wọ́n fi irin de ẹnu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gé ohun kóhun, kí ọkọ̀ má bàa tẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá wà ní ṣíṣí. Ẹ gé ìpata títí dé irin funfun, ẹ jó irin tuntun tó nípọn bákan náà sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páànù lẹ̀ ẹ́ lórí.


Àrẹ̀mọ Tíṣà kọ pé:

Mo ti kàn án. Orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì dún bí agogo. Ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ dún bí ẹ̀kọ, ó tó àwo oúnjẹ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì dáa.

Ọ̀gá Sípánà, ṣé ẹ mọ wẹ́dà CO2 kan n'Íbàdàn tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé? Ó ti lè yí báyìí, táyà rẹ̀ mẹ́rin ní afẹ́fẹ́, bàbá tó ń wa dáńfó ládùúgbò wa ní òun lè fi okùn fà á wá.


Sípánà 17 kọ pé:

Mo mọ ọ̀kan, mo máa fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ sọ pé èmi ni mo rán yín, kí ẹ sì kó ìwé ìròyìn yẹn dání kó rí i.

Ẹ má fà á wá o. Ẹ gbé e wá lórí ọkọ̀ akẹ́rù.